Ẹ̀rọ kọfí wo ni ká rà sílé? Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìbàdàn là ń gbé, ní Àkóbọ̀. Àwa méjì la ń mu kọfí nílé. Ọkọ mi fẹ́ràn èyí tó dúdú tó sì le. Èmi fẹ́ èyí tí mílíìkì rẹ̀ ń hó lórí, irú èyí tí mo mu ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó. Àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Houston fún Kérésì, ó ní òun á ra ẹ̀rọ espresso, èyí tó ń fi ipá ti omi gbígbóná gba inú kọfí kọjá, wá fún wa. Mo tún rí ẹ̀rọ oníkápúsù kan, èyí tó ń lo kọfí tí wọ́n dé sínú ife kéékèèké, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ring Road, ó wù mí nítorí kò ní wàhálà. Ínfátà 1.5KVA la ní, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Èwo ni ká mú nínú méjèèjì? Ọkọ mi tún ní kí n béèrè ohun tí a lè ṣe nípa ìkòkò kọfí alumíníọ̀mù, torí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Tí ẹ bá ń bi mí, ẹ má mú ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó má gbé ẹ̀rọ espresso oníná wá láti Amẹ́ríkà. Kó fi owó yẹn ra ọlọ kọfí olọ́wọ́ kan tó dáa, èyí tí kò lo iná rárá. Kí ẹ̀yin ra ìkòkò móká tí wọ́n ń gbé ka sítóòfù gáàsì. Ìyẹn ni ìdáhùn mi. Ìyókù, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbà fún mi, kí ọ̀rọ̀ tiyín sì tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti tún ṣe ti kú. Iná ilé l'Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni; tiwa wà láàárín 230 sí 240. Ohun tó ń jẹ iná jù nínú ẹ̀rọ kọfí ni irin tó ń mú omi gbóná. Bí fóòtì tó wọ irú irin bẹ́ẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó máa fẹ́ fà kì í di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ wáàtì 1,200 sí lára yóò fẹ́ fa 4,800. Kò ní pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ òórùn kan, ó parí nìyẹn, ẹni tó tà á ní Houston ò sì ní gbà á padà.

Ẹnì kan á sọ pé ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì kù. Kì í ṣe irọ́, step-down ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó máa gbé ẹ̀rọ wáàtì 1,200 láìgbóná jù, ó yẹ kó tó wáàtì 2,000. Ó wúwo, ó ń kùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè tó ẹ̀rọ kọfí fúnra rẹ̀ lórí tábìlì. Kékeré tí wọ́n ń tà fún rédíò àti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n kò lè gbé e. Ohun mìíràn tún wà tí step-down ò lè tún ṣe: iná tiwọn ń lù nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù nígbà 50. Pọ́ǹpù kékeré inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ espresso ilé ń gbọ̀n tẹ̀lé ìlù yẹn gan-an, nítorí náà omi tó ń tì kò ní rí bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ṣe ṣètò rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà ní Brazil, ẹ béèrè ìlú tí ẹ̀rọ ti ń bọ̀. Fóòtì 127 ni wọ́n ń lò níbì kan níbẹ̀, 220 níbòmíràn.)

Ínfátà wá kù. 1.5KVA ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá dé, wáàtì bí 1,200 ló máa ń gbé. Ẹ̀rọ espresso ilé sábà máa ń fa 1,300 sí 1,450. Ínfátà yín á ké, á sì pa ara rẹ̀, pàápàá tí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó bá jẹ́ èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní I better pass my neighbour, kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń sọ. Ẹ̀rọ tó ń kán omi sórí kọfí nínú asẹ́ bébà máa ń fa bíi wáàtì 900. Ínfátà á gbé ìyẹn, ṣùgbọ́n bátìrì yín á mọ̀ ọ́n lára.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé owó iná ló ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A sí náírà 225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀rọ wáàtì 1,350 tó bá fa iná ní kíkún fún odindi ìṣẹ́jú 10 kò jẹ ju náírà 51 lọ. Owó yẹn ò tó nǹkan. Iye iná tó fẹ́ fà lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà, òun àti bí fóòtì adúgbò ṣe máa ń fò sókè tó tún ń wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọfí tuntun ló ní pátákó kọ̀ǹpútà kékeré nínú, irú fífò yẹn kì í jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kọfí wo lẹ ń mu lọ́wọ́lọ́wọ́? Ẹ ò sọ. Ní ilé wa púpọ̀, tí wọ́n bá ní kọfí, èyí tó ń yọ́ nínú omi gbígbóná ni wọ́n ń sọ, irú Nescafé tó jáde ní Switzerland ní 1938. Kọfí tí wọ́n ti sè tán ni, tí wọ́n wá gbẹ omi kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe sí i mọ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo ti tú ẹ̀rọ espresso tí wọ́n dà á sí, gbogbo ihò asẹ́ rẹ̀ dí pátápátá. Hóró kọfí tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀ ni ẹ̀rọ ń fẹ́, òun náà ni móká ń fẹ́.

Ẹ ò sì ní láti wá hóró jìnnà. Ní agbègbè Kábbà, lọ́dọ̀ àwọn ará wa Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta ni wọ́n ń gbìn. Lórí òkè Mambilla ní Tàrábà, irú kejì, arabica, ni. Robusta ni tí Bàbá Ìbejì: kaféìnì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, ó korò, ó ki lẹ́nu, ìfófó rẹ̀ sì máa ń dúró. Arabica ń ta sánsán jù, ó sì máa ń ní kíkan díẹ̀ bíi ti èso. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá pa méjèèjì pọ̀ fún ilé yín. CRIN tó ń ṣe ìwádìí lórí kọfí ní Nàìjíríà wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti 1964, nítòsí yín níbẹ̀. Orúkọ kòkó ló wà lára pátákó wọn, ṣùgbọ́n kọfí, obì, kajú àti tíì wà nínú iṣẹ́ wọn. Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yan án lára àpò, kì í ṣe ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Tí ó bá ti kọjá oṣù méjì, tàbí tí kò sí ọjọ́ kankan lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Hóró tó dúdú tó ń dán fún òróró ti jóná ju ohun tí móká fẹ́ lọ.

Nísinsìnyí, ọlọ. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ná owó, mi ò sì ní fi ẹnu kékeré sọ ọ́: ọlọ dáadáa pẹ̀lú ìkòkò olówó pọ́ọ́kú yóò fún yín ní kọfí tó dùn ju ẹ̀rọ ńlá tí ẹ ń bu kọfí lílọ̀ tó ti pẹ́ sí lọ. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ kì í pẹ́ kí òórùn dídùn rẹ̀ tó lọ. Ohun tí ẹ ń gbóòórùn nígbà tí ẹ bá ṣí àpò, òun ni kò sí nínú ife mọ́. Èkejì, ọ̀nà ìsekọfí kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe fẹ́ kó kúnná tó. French press, ìkòkò kọfí tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti asẹ́ wálẹ̀, fẹ́ kó hóró bíi gàrí tí wọn ò tíì kù. Móká fẹ́ kó kúnná ju ìyẹn dáadáa. Espresso fẹ́ kó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó má di lẹ́búlẹ́bú. Ọlọ tó ní eyín irin méjì tó ń fi hóró há àárín ló lè ṣe èyí. Ife kékeré tó ń bá ẹ̀rọ ìlọta wá, tó ní abẹ tó ń yí, gígé ló ń gé e: òmíràn á di ìyẹ̀fun, òmíràn á ku ńláńlá. Ìyẹ̀fun á mú kó korò, ńlá á mú kó ṣàn kó sì kan, ẹ ó sì máa bú kọfí tí kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ṣe é. Kọfí yín á gbóòórùn ẹ̀gúsí, ẹ̀gúsí ẹni tó kàn á gbóòórùn kọfí, ìjà á sì dé.

Ọlọ olọ́wọ́ tó ní eyín irin, irú èyí tí Timemore tàbí 1Zpresso ń ṣe, máa ń lọ kọfí ife méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ó wọ àpamọ́wọ́, kò mọ fóòtì, kò mọ NEPA. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ òun ni àbúrò yín máa gbé wá. Ẹ sọ fún un kó má ra èyí olówó pọ́ọ́kú tí eyín rẹ̀ jẹ́ seramíìkì. Ó ń lọ̀, ṣùgbọ́n apá yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ ro yín kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ oníkápúsù ṣì wà lọ́kàn yín. Mi ò kórìíra rẹ̀. Láti 1986 tí Nespresso ti gbé tiwọn jáde, kò sí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn tó o: ẹ fi kápúsù sí i, ẹ tẹ bọ́tìnì, kọfí dé, adùn tàná náà ni tòní. Fún ọ́fíìsì tàbí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, èmi fúnra mi máa ń sọ pé kí wọ́n rà á. Nínú ilé tiyín, nǹkan mẹ́ta ló dí mi lọ́wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, òun náà ń fa wáàtì 1,200 sókè, ọ̀rọ̀ ínfátà tún dé nìyẹn. Èkejì, kápúsù kan kì í wọ ẹ̀rọ mìíràn: ti Nespresso Original kò wọ Vertuo, ti Vertuo kò wọ Dolce Gusto, Keurig tí wọ́n fẹ́ràn l'Amẹ́ríkà sì dá dúró láyè ara rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ṣọ́ọ̀bù Ring Road yẹn bóyá wọ́n ní kápúsù nílẹ̀ àti bóyá ẹlòmíràn n'Ìbàdàn tún ń ta irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn nìkan ni, ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró ni ẹ̀rọ yín di ohun ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀kẹta ni owó, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀. Kọfí tó wà nínú kápúsù Nespresso Original kan jẹ́ giráàmù 5 sí 6. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kápúsù kan sọ́nà 45, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àpò kọfí giráàmù 250. Kọfí tí kò yàtọ̀ síra lẹ ń fi wéra níbẹ̀, ní ìwọ̀n. Ẹni tó fẹ́ràn kọfí tó le bíi ti Bàbá Ìbejì kì í fi kápúsù kan mọ, méjì ni, tiyín ọ̀kan, mẹ́ta láàárọ̀ kan, 1,095 lọ́dún. Ẹ̀rọ yẹn kì í wọ́n. Oúnjẹ rẹ̀ ló wọ́n.

Ó yá, ìkòkò móká. Alfonso Bialetti, ará Ítálì, ló gbé Moka Express jáde ní 1933, ìrísí rẹ̀ kò sì tíì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Ó ní apá mẹ́ta: ìsàlẹ̀ tó gba omi, asẹ́ tó gba kọfí, òkè tí kọfí ń jáde sí. Bí omi ìsàlẹ̀ bá gbóná, ooru rẹ̀ á ti omi gba àárín kọfí kọjá lọ sókè. Ipá tó fi ń tì í jẹ́ bíi bar 1.5 (bar ni wọ́n fi ń wọn ipá), espresso gidi ń fẹ́ bíi 9. Nítorí náà mi ò ní purọ́ fún yín pé espresso ni. Ṣùgbọ́n ó le, ó ki, ó dúdú, ohun tí ọkọ yín sì ń béèrè gan-an nìyẹn.

Nípa ìtóbi: wọ́n á kọ pé ti ife 3 ni tàbí ti ife 6. Ife tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ife tíì tiwa, bíi mílílítà 50 ni ọ̀kan. Ẹ ra ti ife 6, ó máa fún yín ní nǹkan bíi mílílítà 300, ó tó ẹ̀yin méjèèjì. Kì í ṣe ohun tí à ń fi ààbọ̀ sè. Ẹ gbọ́dọ̀ kún un bó ṣe yẹ nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ ra èyí tó tóbi ju ìlò yín lọ.

Bí a ṣe ń lò ó ṣe pàtàkì ju irú èyí tí a rà lọ, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ kọ́kọ́ se omi nínú kẹ́tù, kí ẹ da omi gbígbóná náà sí ìsàlẹ̀, kó má kọjá fáàfù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ omi tútù lẹ fi bẹ̀rẹ̀, kọfí á ti jókòó sórí irin gbígbóná títí á fi sun kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kún asẹ́, ẹ fi ìka tẹ́ ojú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ di ìsàlẹ̀ mú kí ẹ tó dè é, ó gbóná. Iná kékeré ni kí ẹ gbé e kà, ẹ sì ṣí ìdérí sílẹ̀ kí ẹ lè máa wò ó. Kọfí á máa rọra ṣàn jáde. Tó bá ti ń fọ́n, tó ń pariwo, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó pariwo tán ni ó máa ń sọ pé móká korò. Ẹsẹ̀ irin sítóòfù wa máa ń jìnnà síra jù fún ìdí kékeré rẹ̀; ẹ ra òrùka irin tí wọ́n ń gbé lé orí sítóòfù kó má bàa dojú dé. Pẹ̀lú ìbejì nílé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúfò.

Ní Cuba, níbi tí àwọn Lùkùmí ṣì ń kọrin òrìṣà ní èdè wa, irú ìkòkò yìí wọ́pọ̀ nílé gan-an, wọ́n sì ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì gbìyànjú. Wọ́n á da ṣúgà sínú ife kan, wọ́n á bu ìwọ̀nba kọfí tó kọ́kọ́ jáde lé e, èyí tó ki jù, wọ́n á wá fi ṣíbí lù ú kíkankíkan títí á fi ràn, tí àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, tó sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ìyókù sí i. Ìfófó á léfòó sójú rẹ̀. Espumita ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀, ṣíbí lásán ni, àfi pé kì í ṣe ti ẹni tó ń sá fún ṣúgà.

Mílíìkì tiyín wá kù. Ẹnu irin tó ń fẹ́ ooru lára ẹ̀rọ espresso ló ṣe èyí tí ẹ mu l'Ékòó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú mílíìkì gbóná kó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lọ. Ẹ lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ mú mílíìkì gbóná lórí gáàsì dé bíi 60 sí 65 Celsius; tí ẹ ò bá ní ohun ìwọn ooru, ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kékeré náà bá gbóná ju kí ọwọ́ dúró lára rẹ̀ lọ ni kí ẹ sọ̀ ọ́. Kọjá 70, dídùn rẹ̀ á lọ, á máa ní òórùn mílíìkì jíjóná. Ẹ wá dà á sínú French press, kí ẹ máa fa ọ̀pá rẹ̀ sókè sódò kíákíá. Á hó, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Èyí tó ń lo bátìrì kékeré tó ń yí náà ń ṣe é, ìfófó rẹ̀ kàn máa ń hóró díẹ̀ ni. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò máa ń hó dáadáa tí ẹ bá pò ó kó ki, ẹ ò ní láti wá mílíìkì inú páálí kiri.

Tí ẹ bá ti ka gbogbo èyí, tí espresso gidi ṣì ń pè yín, mi ò ní dí yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. 15 bar tàbí 20 bar tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí, agbára tí pọ́ǹpù lè tì dé ni, kì í ṣe ohun tí kọfí nílò. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ Gaggia oníọ̀pá ti jáde ní Ítálì ní 1948, ibi bar 9 ni ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ti dúró: kọfí lílọ̀ giráàmù 18, kí giráàmù bíi 36 jáde nínú ife láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan tilẹ̀ wà tí kò ní pọ́ǹpù rárá, ooru ló ń ti omi inú wọn. Móká oníná ni wọ́n, ẹ má san owó espresso lé wọn lórí.

Ẹ wo asẹ́ tó bá a wá. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, tí ihò ìta rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, á mú ìfófó jáde láti inú kọfí èyíkéyìí, kò sì bìkítà bó ṣe kúnná tó. Ó dáa fún ẹni tó ń ra kọfí lílọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ kárí ló ń fi ìtọ́wò gidi hàn, ó sì máa ń fìyà jẹ ẹni tí ọlọ rẹ̀ kò dáa. Gaggia Classic, tó ti wà láti 1991, ni mo sábà máa ń dárúkọ fún ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ tó máa pẹ́, nítorí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣeé rí rà, ó sì ṣeé tú. De'Longhi Dedica kéré, kì í gba àyè. Èyíkéyìí tó wù yín, láti ìlú ọba ni kó ti wá, tàbí láti Dubai: fóòtì wọn bá tiwa mu, ẹnu wáyà rẹ̀ náà wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Kí ẹ sì tó rà á, ẹ ti ní ínfátà tó tó 2.5KVA ó kéré tán, tàbí kí ẹ gbà pé ìgbà tí iná bá wà nìkan ni ẹ ó máa mu kọfí.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ènìyàn wa kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ espresso kan wà tí kò ní wáyà: Flair àti Cafelat Robot. Ẹ̀yin lẹ máa se omi, ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ tẹ ọ̀pá, ipá rẹ̀ sì ń dé bar 9 dáadáa. Kò lè hó mílíìkì, ife kan lẹ́ẹ̀kan ló sì ń ṣe. Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín ń fẹ́ kí ẹ̀bùn òun tóbi, Flair ni kó gbé, nítorí Houston àti Àkóbọ̀ kan náà ni lójú rẹ̀. Ọlọ ṣì gbọ́dọ̀ bá a wá, espresso kò gba kọfí tí a lọ̀ ní ìdàkúdà.

Àwọn ńlá tó ń lọ kọfí, tó ń sè é, tó tún ń hó mílíìkì nínú ara wọn, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ dé ibẹ̀ báyìí. Wọ́n dáa lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Ẹ̀rọ oníkíkán, tí wọ́n ń fi asẹ́ bébà sí, èyí tí Melitta Bentz bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ ní Jámánì ní 1908, dára tí àlejò bá pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n kọfí rẹ̀ kò ní le tó fún ọkọ yín.

Omi, kíákíá. Omi kànga àti ti borehole wa máa ń ní èròjà òkúta nínú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tù yín, tí funfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ kọfí. Omi inú ọ̀rá tàbí inú ike ni kí ẹ lò. Citric acid tí àwọn tó ń ta èròjà kéèkì ń tà, ṣíbí ìmùkọ kan nínú lítà omi kan, máa ń bó funfun náà kúrò. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ dípò rẹ̀, ẹran ara ọsàn á dí ihò.

Ohun kan tí ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá kì í kọ: aáyán fẹ́ràn ẹ̀rọ kọfí. Ó gbóná, ó ṣókùnkùn, omi wà nínú rẹ̀. Mo ti ṣí ìdí ẹ̀rọ tí odindi ìdílé aáyán jáde nínú rẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Tí ẹ bá ra ẹ̀rọ oníná lọ́jọ́ iwájú, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù lálẹ́, kí ẹ sì máa nu abẹ́ rẹ̀. Ti móká, fífọ̀ àti gbígbẹ ló mọ.

Ní ti ìbéèrè Bàbá Ìbejì lórí alumíníọ̀mù: tó bá ń bà yín lọ́kàn jẹ́, móká onírin tí kì í dípẹtà wà, ó wọ́n ju ti alumíníọ̀mù díẹ̀, ó sì ní àǹfààní pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé lò lórí sítóòfù oníná irú induction, èyí tí alumíníọ̀mù lásán kò lè ṣe. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ se kọfí bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tuntun, kí ẹ dà á nù. Lẹ́yìn náà omi àti ọwọ́ ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọṣẹ líle tàbí kànrìnkàn irin ha á, torí ìyẹn ló ń bó awọ tó ti gbà sára, ẹ má sì jẹ́ kí kọfí jókòó sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Rọ́bà òrùka àárín rẹ̀ ni ohun tó máa kọ́kọ́ gbó. Tí kọfí bá ti ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ó wà lórí iná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìkòkò, ti ife 6 kò wọ ti ife 3.